Mo fẹ́ yọ orúkọ àwọn kan kúrò nínú ẹjọ́ mi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Houston

Àkànní_Alief

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí mo lè dá rò, ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ní 2022, èmi àti ìyàwó mi san $118,000 fún ilé-iṣẹ́ kan ní Atlanta tó ní òun máa kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin fún wa lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣágámù. Títí di òní, búlọ́ọ̀kù kan kò tíì gun orí ìkejì. Mo wá lọ́yà, iye tí wọ́n ń pè lé mi sá. Mo bá fọwọ́ ara mi kọ ìwé ẹ̀sùn, mo san $405, mo gbé wọn lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ níbí. Irọ́ pípa láti gba owó àti àdéhùn tí wọ́n dà ni mo fi kàn wọ́n. Ẹni márùn-ún ni mo pè.

Ẹni kìíní ni ilé-iṣẹ́ náà, LLC ni, irú ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ẹ̀ kì í wọ àpò àwọn tó ni ín. Ẹni kejì ni ọ̀gá ibẹ̀, Atlanta ló ń gbé. Ẹni kẹta ni ajẹ́ntì tó gba ṣẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́ wa, Houston níbí ni ilé ẹ̀ wà. Ẹni kẹrin (ẹ má bú mi o) ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ní Maryland, òun ló mú wa mọ̀ wọ́n, wọ́n sì fún un ní tiẹ̀ níbẹ̀. Ẹni karùn-ún jẹ́ alájọṣe wọn. Chicago ni wọ́n bí i sí, ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà ló ń lò, ṣùgbọ́n ó ti kó ẹrù padà sílé láti 2019, Abẹ́òkúta ló fìdí kalẹ̀ sí.

Ibi tí a dé rèé: ẹni kìíní àti ìkejì ti gba lọ́yà, wọ́n ti kọ ìdáhùn. Ajẹ́ntì ní kí adájọ́ da ẹjọ́ nù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò tíì kọ nǹkan kan. Ẹni karùn-ún, ìwé kò tíì dé ọwọ́ ẹ̀ rárá.

Ẹbí ṣèpàdé lórí Zoom lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá ìyàwó mi sunkún. Mo fẹ́ yọ ẹ̀gbọ́n yìí kúrò. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà sì ti kọ ọ́ sínú ìdáhùn wọn pé kóòtù kò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ mi nítorí ẹni kẹta àti ìkarùn-ún. Ṣé mo lè yọ wọ́n láì jẹ́ pé mo lọ bẹ adájọ́? Bí wọ́n bá sì wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn náà, ṣé mo lè tún pè wọ́n?

Ọmọ_Ẹ̀gbá

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì gbé ẹ̀gbọ́n ìyàwó lọ síbẹ̀. Ẹ kú orí ire.

Àkànní_Alief

Òwe yẹn ni ìyá ìyàwó mi pa fún mi fún wákàtí kan gbáko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá nǹkan mìíràn.

Lọ́yà_Dallas

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi kọ́ ni lọ́yà yín o, ọ̀rọ̀ ìta gbangba ni mò ń sọ.

Rúùlù 41(a) nínú ìlànà ìpẹjọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni ẹ ń wá. Ó ní olùpẹjọ́ lè fi ìwé pélébé kan yọwọ́, láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó pè kò bá tíì kọ ìdáhùn ránṣẹ́, tí kò sì tíì béèrè fún summary judgment, ìyẹn kí adájọ́ dájọ́ láì jẹ́ pé ẹjọ́ dé ìgbẹ́jọ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti wọlé, ẹ̀tọ́ yẹn ti bọ́ nìyẹn. Ó wá ku ọ̀nà méjì: kí gbogbo ẹni tó ti fara hàn nínú ẹjọ́ bá yín fọwọ́ sí ìwé àjọsọ, tàbí kí ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́, kí òun sì fún yín pẹ̀lú àdéhùn tó bá wù ú.

Ẹ wo ti ajẹ́ntì yẹn dáadáa. Ìwé tó fi ní kí wọ́n da ẹjọ́ nù kì í ṣe ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nígbà tí lọ́yà ti kọ ohun tó gùn tó ojú ewé 20, nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Rúùlù yìí, orúkọ ìwé ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo gígùn ẹ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé ṣé ìdáhùn ẹni kìíní àti ìkejì kò ti di ọ̀nà fún àwọn yòókù. Ohun tó fa ìjà nìyẹn láàárín àwọn kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, nítorí ọ̀rọ̀ tí Rúùlù náà lò ni “action”. Ṣé odindi ẹjọ́ ni, àbí apá tó kan ẹnì kan? Kóòtù tó wà ní Cincinnati sọ ní 1961, nínú ẹjọ́ Philip Carey, pé odindi ni, pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹnì kan ṣoṣo kó gba ti Rúùlù 21, níbi tí adájọ́ ti lè yọ ẹnì kan. Tiwa, ìyẹn Circuit Karùn-ún, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ni Texas, Louisiana àti Mississippi, sọ ní 1973 nínú ẹjọ́ Plains Growers pé ẹ lè fi ìwé yọ ẹni tí kò tíì dáhùn, bí àwọn yòókù tilẹ̀ ti dáhùn. Nítorí náà, ní Houston, ọ̀nà là.

Bí ẹ kò bá kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀, ìyọkúrò náà jẹ́ “without prejudice”, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ lè padà. Ẹ ṣáà kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Laurel

Ẹ kú àlàyé, sà. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà fún ọdún mọ́kànlá, nǹkan kan ló ń dẹ́rù bà mí. Bùrọ̀dá Àkànní, ṣé ẹ ti pe ẹnì kankan nínú àwọn márùn-ún yìí rí, kí ẹ tó yọwọ́? Kóòtù yòówù. Títí kan kóòtù kékeré.

Àkànní_Alief

Há. Bẹ́ẹ̀ ni o. Mo pe ajẹ́ntì ní Justice Court níbí ní 2023, $20,000 tí wọn kì í kọjá níbẹ̀ ni mo béèrè. Nígbà tó yá tí mo rí i pé owó tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ, mo fúnra mi kọ̀wé pé mi ò ṣe mọ́. Ṣé ìyẹn náà wà nínú ẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Laurel

Ó wà nínú ẹ̀ gan-an! Rúùlù 41 ní bí olùpẹjọ́ bá ti fínnúfíndọ̀ yọwọ́ nínú ẹjọ́ kan rí, ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, lórí ẹ̀sùn kan náà, tó tún wá fi ìwé yọwọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìkejì yẹn dà bí ìdájọ́. Ìlẹ̀kùn ti pa. Ẹ lè kọ “without prejudice” síbẹ̀ nígbà ogún, kò ní gbà yín.

Ohun tó lè gbà yín ni pé ìwé tí olùpẹjọ́ dá kọ nìkan ni ìjìyà yẹn wà fún. Bí adájọ́ bá fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ajẹ́ntì, tàbí tí gbogbo ẹni tó ti fara hàn bá jọ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ìyẹn. Ẹ má fi ìwé pélébé fọwọ́ kan ajẹ́ntì yẹn o. Ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín àti ẹni Abẹ́òkúta yàtọ̀, ẹ kò pè wọ́n rí.

Lọ́yà_Dallas

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Ó yẹ kí n ti béèrè.

Bàbá_Àgbà_Baltimore

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ìwé, ẹ kò sọ ìdí tí ìwé fi gbọdọ̀ jáde. Àkànní ọmọ mi, lọ́yà ilé-iṣẹ́ yẹn kò parọ́. Ẹ̀tàn àti àdéhùn tó bàjẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin ìpínlẹ̀. Ohun tó gbé e dé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni pé ìwọ àti àwọn tí o pè wá láti ìpínlẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí owó sì ju $75,000 lọ. Ọmọ Texas ni ìwọ. Ọmọ Texas ni ajẹ́ntì. Bí ẹnì kan ṣoṣo lápá kejì bá ti bá ọ dọ́gba, àṣẹ kóòtù ti tán.

Ti ará Abẹ́òkúta yẹn ló wá dùn ún gbọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà tó ti kó kúrò ńlẹ̀ yìí tó fìdí kalẹ̀ sókè òkun kò ní ìpínlẹ̀ kankan lójú òfin yìí. Kì í ṣe ọmọ Illinois mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní kà á sí àjèjì, nítorí ìwé ìrìnnà wọn ló wà lápò rẹ̀. Ó wà láàárín méjì bí àdán. Àwa tí à ń fẹ̀yìn tì padà sí Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé ìrìnnà aláwọ̀ búlúù, ká mọ̀ pé bí a ṣe rí nìyẹn.

Kóòtù Gíga Jùlọ ti ṣe irú rẹ̀ ní 1989, Newman-Green lórúkọ ẹjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Illinois pe ilé-iṣẹ́ Venezuela kan, ọmọ Venezuela mẹ́rin, àti ọ̀gbẹ́ni Bettison, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi Caracas ṣe ilé. Wọ́n jà títí ẹjọ́ fi dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé Bettison kò ní ìpínlẹ̀, pé òun ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ṣé kí wọ́n da ọdún púpọ̀ nù kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni? Kóòtù Gíga Jùlọ ní rárá, wọ́n lè yọ òun nìkan, bí kò bá ti jẹ́ ẹni tí ẹjọ́ kò lè ṣe láìsí. Rúùlù 21 náà nìyẹn: adájọ́ lè yọ ẹnì kan nígbàkígbà.

Nítorí náà, ajẹ́ntì àti ará Abẹ́òkúta ní láti jáde, bí o fẹ́ bí o kọ̀. Àna rẹ ní Maryland kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹbí nìkan ni tiẹ̀.

Kọ̀lá_Katy

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Àkànní, ẹ má tíì yọ̀. Ilé-iṣẹ́ LLC kì í jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ gbogbo àwọn tó ni ín ló ń jẹ́. Bí ará Abẹ́òkúta yẹn bá ní ìpín nínú LLC náà, ilé-iṣẹ́ fúnra ẹ̀ náà kò ní ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ọkùnrin náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìpín ẹ̀ ṣì wà nínú ilé. Láti December 2022, Rúùlù 7.1 ti pọn ọ́n ní dandan pé kí wọ́n kọ orúkọ àti ìpínlẹ̀ àwọn tó ni irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ síwájú kóòtù. Ẹ wá ìwé yẹn lórí PACER, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ìwé ẹjọ́ kóòtù ìjọba àpapọ̀ wà. Sẹ́ǹtì 10 lójú ewé kan, kì í kọjá $3 fún ìwé kan, bí gbogbo ẹ̀ kò bá sì ju $30 lọ láàárín oṣù mẹ́ta wọn kì í gba nǹkan kan.

Àkànní_Alief

Oorun kò kùn mí lálẹ́ àná. Mo ti rí ìwé náà. Ẹni méjì péré ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀gá yẹn àti àbúrò ẹ̀ obìnrin, Georgia ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ní ará Abẹ́òkúta ta ìpín ẹ̀ fún wọn ní 2021.

Lọ́yà_Dallas

Ọjọ́ tí ẹ gbé ẹjọ́ wọlé ni wọ́n máa fi wò ó, 2021 sì ti ṣáájú ẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé yẹn bí ẹyin.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Èmi ò ṣá rí ìdí tí èèyàn fi máa ṣe gbogbo wàhálà yìí. Ẹ fa gbogbo ẹ̀ yọ, ẹ gbé àwọn márààrún lọ sí kóòtù ìpínlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ìpínlẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́yà_Dallas

Ọ̀nà kan nìyẹn lóòótọ́, mi ò sì ní bú ẹni tó bá gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn méjì ti dáhùn, ẹ kò lè fa ti wọn yọ láì gba ìyọ̀ǹda. Ẹ tún wo ìgbà. Ní Texas, ọdún 4 ni òfin fún ẹ̀tàn àti fún àdéhùn tó bàjẹ́. 2022 lẹ sanwó. “Without prejudice” kò dá aago dúró, bí ẹni pé ẹ kò pẹjọ́ rí ni wọ́n máa kà á. Òfin Texas kan ń fún èèyàn ní ọjọ́ 60 láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù tó tọ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí kóòtù dà nù nítorí àìní àṣẹ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ jáde, kó má gbára lé e. Bí ẹ bá sì tún pe ẹni kan náà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, Rúùlù 41(d) gba adájọ́ láyè láti ní kí ẹ kọ́kọ́ san ìnáwó rẹ̀ ti àkọ́kọ́.

Ìyá_Ìbejì_Laurel

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àna yìí, torí òun ni gbogbo wa ń sáré kọjá.

Bùrọ̀dá mi, ẹ rò pé ẹ máa yọ ọ́, ilé á sì tòrò. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ yẹn ń dúró de ọjọ́ náà ni. Lábẹ́ òfin Texas, Orí 33, wọ́n lè nàka sí ẹni tí kò sí nínú ẹjọ́ pé òun náà jẹ̀bi, kí júrì sì pín ẹ̀bi fún un ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ẹ̀tàn nìyẹn o, kò kan ti àdéhùn. Àga òfo ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì wa. Bí júrì bá gbé ìdá 30 ka orí àga òfo, ẹ kò rí ẹni gba 30 yẹn lọ́wọ́ ẹ̀, àfi bí ẹ̀bi olùjẹ́jọ́ kan bá ju ìdá 50 lọ, tí òun fi máa ru gbogbo ẹ̀. Wọ́n tún lè fúnra wọn fa àna yín wọlé padà nípasẹ̀ Rúùlù 14. Ìyá ìyàwó yín á tún sunkún, ẹ kò sì ní mọwọ́mẹsẹ̀ níbẹ̀.

Ìkejì: níwọ̀n ìgbà tó wà nínú ẹjọ́, ẹ lè fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i, ó gbọ́dọ̀ dáhùn. Tó bá ti jáde, subpoena ni, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kóòtù fi ń pe ẹlẹ́rìí, a ò sì lè fi fà á láti Maryland wá jẹ́rìí ní Houston, 100 máìlì ni òpin ẹ̀. Ṣé gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹn sọ fún un lórí WhatsApp ṣì wà lórí fóònù ẹ̀?

Àkànní_Alief

Ó wà. Ó fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ọ̀gá yẹn wà níbẹ̀ tó ń sọ pé wọn kò tíì ra ilẹ̀ náà, lẹ́yìn tí a ti sanwó.

Ìyá_Ìbejì_Laurel

Ẹ sì fẹ́ yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́! Kó kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ fún yín. Kó búra sórí ìwé. Kó sì fọwọ́ sí àdéhùn pé òun kò ní fi gbèdéke ọdún 4 ṣe àwíjàre bí ẹ bá tún pè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwé pélébé. Ẹ ṣe é kó tó kọ ìdáhùn o, torí tó bá ti dáhùn, ó di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí gbogbo wọn.

Bàbá_Àgbà_Baltimore

Àna kì í ṣe ẹni tí a ń bá dúnàádúrà bẹ́ẹ̀ yẹn nílé wa. Ẹ rán àgbà sí i. Ohun tí Ìyá Ìbejì kà sílẹ̀ yẹn náà ni kí àgbà náà mú lọ.

Lọ́yà_Dallas

Ohun kan kù tó jẹ́ ti Circuit wa. Ká ní ẹ yọ àna yín “without prejudice”, adájọ́ wá dá ilé-iṣẹ́ yẹn láre, ẹ sì fẹ́ lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n lè sọ pé ẹjọ́ kò tíì parí, nítorí ti àna yín ṣì wà lójú òfuurufú. Láti 1978 ni ọ̀fìn yẹn ti wà níbí. Ní 2020, gbogbo adájọ́ Circuit náà jókòó lórí rẹ̀ nínú ẹjọ́ Williams, àwọn ọmọ tí bàbá wọn kú nítorí eruku asbestos, tí wọ́n ti yọ àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n pè. Ohun tó gba àwọn ọmọ náà là ni Rúùlù 54(b): adájọ́ kọ ọ́ pé ìdájọ́ lórí àwọn kan ti parí pátá. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan.

Àkànní_Alief

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ti ará Abẹ́òkúta, mo wo fọ́ọ̀mù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó sọ pé olùpẹjọ́ yọwọ́ nínú “this action” lábẹ́ Rúùlù 41(a)(1)(A)(i), without prejudice. Mo fẹ́ fi wọlé láàárọ̀ ọ̀la.

Lọ́yà_Dallas

Ẹ DÚRÓ! Ẹ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Odindi ẹjọ́ lẹ fẹ́ pa yẹn. Ìwé yìí kì í dúró de àṣẹ adájọ́, bó bá ṣe wọlé ló ti ṣiṣẹ́. Àwọn méjì tó ti dáhùn lè má bọ́, ṣùgbọ́n àna yín àti ajẹ́ntì ti lọ, ti ajẹ́ntì á sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì!

Ọ̀nà àtúnṣe wà, Kóòtù Gíga Jùlọ sọ ní February 2025, nínú ẹjọ́ Waetzig àti Halliburton, pé ẹni tó fúnra ẹ̀ yọwọ́ lè lo Rúùlù 60(b) láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣí. Ẹ̀bẹ̀ ni o, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀sùn yín lórí Lágbájá nìkan lẹ yọ, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ ní kíkún, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé ẹjọ́ ń tẹ̀ síwájú lórí àwọn yòókù. Kí orí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, torí orí ìwé ni ẹni tó ń gbà á wọlé máa kọ́kọ́ kà.

Atinúkẹ́_Decatur

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Atlanta ni tèmi wà, ẹni mẹ́ta ni mo pè, gbogbo wọn ti dáhùn, ọ̀kan ti bá mi yanjú ẹ̀. Ṣé èmi àti òun nìkan lè fọwọ́ sí ìwé àjọsọ?

Lọ́yà_Dallas

Rárá, àǹtí. Circuit Kọkànlá lẹ wà, wọ́n sì sọ ní 2023, nínú ẹjọ́ City of Jacksonville, pé gbogbo ẹni tó ti fara hàn nínú ẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, títí kan àwọn tí kò bá yín yanjú. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ adájọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn kan péré lẹ fẹ́ yọ, tí ẹni náà ṣì wà níbẹ̀, Rúùlù 41 kò ṣe é lọ́dọ̀ yín, ẹ tún ìwé ẹ̀sùn kọ lábẹ́ Rúùlù 15. Kí ẹ tó fi ẹni tó san nǹkan yẹn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí adájọ́ kọ àdéhùn owó náà sínú àṣẹ ẹ̀, torí bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹni yẹn kò sì sanwó mọ́, kóòtù yẹn kò ní lè bá yín gbà á. Láti 1994, ọjọ́ ẹjọ́ Kokkonen, ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Àkànní_Alief

Ẹ̀yin ará, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé ará Abẹ́òkúta ti wọlé, orúkọ ẹ̀ nìkan ló kúrò lórí dọ́kẹ́ẹ̀tì, ìwé àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ní kóòtù. Ti ajẹ́ntì, mo bẹ adájọ́ lábẹ́ Rúùlù 21, lọ́yà ẹ̀ ní òun kò takò ó bí wọ́n bá máa yọ ọ́ pátá, mo ní rárá, without prejudice ni mo ń fẹ́. Adájọ́ kò tíì sọ̀rọ̀.

Bàbá Àgbà, mo rán ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó mi tó wà ní Bowie sí àna mi. Ó ti búra sórí ìwé, ó ti fọwọ́ sí ti ọdún 4. Fáìlì WhatsApp nìkan ló kù, ó ní òun ti pààrọ̀ fóònù, pé nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣí mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kó kọ ìdáhùn. Ìwé pélébé tiẹ̀ wà lórí tábìlì níbí, mo ti fọwọ́ sí i, mi ò tíì fi ránṣẹ́.

Ìyá_Ìbejì_Laurel

Fóònù àtijọ́ yẹn ńkọ́, ta ló ta á fún? Mo wà ní Laurel, mo lè wakọ̀ lọ bá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.